Láàrin ọyẹ́ àti àkọ́rọ̀ òjò: ohun tí mo kọ́ nípa títún ilé ṣe ní Òṣogbo

Ní Òṣogbo, òjò àkọ́kọ́ nínú ọdún kì í kọ́kọ́ dé bí omi. Ìjì ló ń ṣáájú rẹ̀. Ọ̀sán á móoru, ewé kan ò ní mì, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run lápá ìlà-oòrùn á ṣú bí ìdí ìkòkò, atẹ́gùn á gbé eruku àti ọ̀rá píọ̀-wọ́tà dìde, kí omi tó kán sílẹ̀, páànù ẹnìkan á ti balẹ̀ sí àgbàlá ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "mo ń múra de òjò" kì í fi í tẹ́ mi lọ́rùn. Atẹ́gùn la kọ́kọ́ ń múra dè, omi ló tẹ̀ lé e, ẹ̀fọn ló gbẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ń dé nìyẹn, bí mo sì ṣe ń to iṣẹ́ ilé nìyẹn, láti orí òrùlé wá sísàlẹ̀.

Àyè tó wà láàrin kò gùn. Ọyẹ́ tó wọlé láti nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá máa ń dẹwọ́ nínú oṣù kejì. Ìjì àkọ́kọ́ lè jà kí oṣù kejì náà tó parí, ó sì lè di àárín oṣù kẹta. Òjò gan-an kì í fìdí múlẹ̀ títí di oṣù kẹrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lèèyàn ní. Nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, káfíńtà ń wá iṣẹ́, igi gbẹ, ọ̀nà àdúgbò sì gba ọkọ̀ tó ń gbé yanrìn. Lọ́jọ́ kejì ìjì àkọ́kọ́, láti Òkè-Baálẹ̀ títí dé Ìgbọ̀nà, káfíńtà kan náà ni gbogbo ayé ń wá, iye tó bá sì pè lẹ máa san.

Inú àjà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí páànù. Ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán tí oòrùn wà lókè orí, ẹ gun àkàbà wọ inú àjà, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ dúró díẹ̀ kí òkùnkùn mọ́ ojú yín lára. Gbogbo ihò tó wà lára páànù á máa tàn bí ìràwọ̀. Ẹ mú ẹyọ ìgbálẹ̀ dání, kí ẹ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde láti inú ihò; ẹni tó wà lókè á rí orí ìgbálẹ̀ tó yọ síta, kò ní máa méfò. Ẹ tún wo ara igi àjà, níbi tí omi ọdún tó kọjá ti fa ìlà dúdú sí. Òkè ìlà yẹn ni ihò wà, kì í ṣe ibi tí síìlì ti wú. Omi máa ń tẹ̀ lé igi rìn jìnnà kó tó kán.

Lẹ́yìn ihò, ìṣó ló kàn, ọyẹ́ ló sì ń tú u. Páànù ń gùn tí oòrùn bá pa á, ó ń súnkì tí òtútù ìdájí bá mú un. Nígbà ọyẹ́, òtútù ìdájí àti ooru ọ̀sán jìnnà síra wọn, nítorí náà ojoojúmọ́ ni páànù ń fa ìṣó síwá sẹ́yìn, igi abẹ́ rẹ̀ náà sì ń gbẹ, kò dì í mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ fi ìka kan orí ìṣó: tó bá ń yí, tí òrùka pupa ìpẹtà ti yí i ká, tí rọ́bà abẹ́ fìlà rẹ̀ ti le tó sì ti sán bí ẹrẹ̀ ìdí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìṣó yẹn ti kú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi òòlù gbá a padà sínú ihò kan náà. Á dúró títí káfíńtà á fi gba owó rẹ̀ lọ. Ẹ fà á yọ, kí ẹ kan èyí tó gùn jù ú lọ, tí ara rẹ̀ lọ́ bí okùn, nítorí èyí tó lọ́ máa ń di igi mú ju èyí tó dán lọ. Tí igi ibẹ̀ bá ti jẹrà, ẹ sún ìṣó síwájú, kí ẹ sì dí ihò àtijọ́. Orí ibi tó yọ sókè lára páànù ni wọ́n ń kàn án sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà kọjá. Mo ṣì ń rí káfíńtà tó ń kàn án sínú kòtò, torí pé ibẹ̀ rọrùn fún òòlù.

Etí òrùlé ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pàápàá àwọn igun àti góńgó òkè. Nítorí náà, ìṣó etí gbọ́dọ̀ sún mọ́ra ju ti àárín lọ. Láàrin, mo máa ń ní kí wọ́n fi òkè páànù méjì sílẹ̀ kí wọ́n tó kan òmíràn. Létí, ẹyọ kan péré. Ibi tí páànù òkè ti gorí ti ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 15, ìyẹn ìnṣì mẹ́fà. Tí òrùlé bá tẹ́jú, kó lé sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, òkè kan àbọ̀ ni kí ọ̀kan fi bo èkejì, kí ẹnu ibi tí wọ́n ti pàdé sì kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ìjì ń gbà wá. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìlà-oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ sábà máa ń ti wá, nítorí náà ẹnu páànù á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó ń kọ́lé tuntun kò ní náwó kún owó láti ṣe èyí. Kó kàn sọ fún káfíńtà ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ páànù ni.

Kí atẹ́gùn tó ká odindi òrùlé, ó ní láti kọ́kọ́ rí ọ̀nà wọ abẹ́ rẹ̀. Fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, gíláàsì tó ti já, ihò etí òrùlé tí ẹnikẹ́ni kò dí: ibẹ̀ ló ń gbà wọlé, á máa ti òrùlé sókè láti inú, èyí tó ń fẹ́ lókè náà á sì máa fà á. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, fèrèsé ìlà-oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tì. Igi tó sùn lórí ògiri, tí gbogbo igi òrùlé jókòó lé, ló wá ṣe pàtàkì jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé, sìmẹ́ǹtì díẹ̀ nìkan ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Tí òrùlé bá fẹ́ lọ, á kàn gbé igi náà dání lọ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ihò sí ògiri ní ìlà búlọ́ọ̀kù kejì tàbí ìkẹta láti òkè, kí wọ́n ki wáyà líle tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì gba ibẹ̀, kí wọ́n fi so igi náà mọ́lẹ̀, kí wáyà kan má jìnnà sí èkejì ju mítà kan lọ. Nínú àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tó ṣì wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun àti àyíká Ọjà Ọba, wáyà nìkan á gé amọ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ọṣẹ. Ẹ ti igi kúkúrú bọ abẹ́ wáyà níbi tó ti ń yí po, kí ẹrù lè tàn káàkiri. Òkúta àti táyà tí àwọn kan ń gbé lé orí páànù kò dá mi lójú. Ìjì tó lágbára tó láti ṣí páànù lè ti òkúta yẹn sọ̀ kalẹ̀ sórí ọmọlọ́mọ.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí wọ́n gòkè, kí páànù tó gbóná, kí wọ́n sì máa tẹ ibi tí ìlà ìṣó wà, torí igi wà lábẹ́ ibẹ̀. Ihò kékeré kò tó ohun tí à ń pààrọ̀ páànù sí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ dáadáa (eruku yìí ni kì í jẹ́ kó lẹ̀), ẹ kun ọ̀dà dúdú, ẹ tẹ́ aṣọ tó fi ìnṣì méjì ju ihò lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ lé e, kí ẹ tún kun ọ̀dà lórí rẹ̀. Tí ìka bá lè ti ara páànù wọlé, kò sí ọ̀dà tó máa gbà á, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tí páànù alumíníọ́mù ti pàdé ògiri. Sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jẹ alumíníọ́mù, tó bá sì gbẹ tán, á sán. Ẹ̀ka máńgòrò, dóńgóyárò àti fúrúùtù tó na ọwọ́ sórí ilé, ẹ gé e kó jìnnà tó mítà méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ má gé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Igi tí ẹrù rẹ̀ wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ìjì ń fà tu.

Ògiri tó sán: ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kó fẹ̀, ẹ bu omi sí i kó rin, kí ẹ tó fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì dí i. Ọyẹ́ máa ń fa omi inú sìmẹ́ǹtì kó tó mú, ìdí nìyẹn tí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ní oṣù kìíní fi ń hó bí èèpá. Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje.

Ẹ wo ìdí ògiri náà bóyá ikán ti ya ọ̀nà gòkè. Èsúnsún tó máa ń tú jáde yí iná ká lálẹ́ òjò àkọ́kọ́, tí àwọn ọmọdé ń ṣà sínú omi, ikán tó hu ìyẹ́ ni. Ó ń wá ibi tuntun tó máa fi ṣe ilé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ pa iná ìta, kí ẹ ti fèrèsé.

Omi ló kàn. Gọ́tà iwájú ilé ni kí ẹ kó nígbà tí yanrìn inú rẹ̀ ṣì gbẹ tó sì fúyẹ́. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé wọ́n á kó ẹrẹ̀ jáde, wọ́n á tò ó sí etí gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ á gbá a padà sínú ibi tó ti wá. Ẹ wá bàrò, kí ẹ kó o kúrò pátápátá, tàbí kí ẹ fi dí kòtò ojú ọ̀nà. Àwọn tó ń gbé nítòsí Òkòkò tàbí létí Ọ̀ṣun mọ̀ pé àdúgbò òkè ni ìdọ̀tí wọn ti ń wá, nítorí náà kíkó gọ́tà ojúlé kan ṣoṣo kò tó nǹkan. Ìpàdé àdúgbò ló lè parí rẹ̀. Ihò ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, tó bá ti ń kún, ìsinsìnyí ni kí ẹ pe ọkọ̀ tó ń fà á. Tí òjò bá ti rọ̀ tó, omi ilẹ̀ á gòkè, ihò á máa kún láti ìsàlẹ̀, ọkọ̀ tó wúwo bẹ́ẹ̀ sì lè rì sójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Kànga: ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni omi rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, nítorí náà ìgbà yìí nìkan ló yẹ ká gbẹ́ ẹ jìn sí i tàbí ká kó ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀. Kànga tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù kẹsàn-án máa ń tan olówó rẹ̀ jẹ. Tó bá di oṣù kejì, ìdí garawa á máa ha ilẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kànga ń pa èèyàn, kì í sì í ṣe omi ló ń pa wọ́n, afẹ́fẹ́ burúkú ni. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ tó ń lo bẹntiróò sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ láti fa omi, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀bá ẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ àtùpà kalẹ̀: tó bá kú, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èéfín ẹ̀rọ kì í pa àtùpà, ó sì ń pa èèyàn, nítorí náà àtùpà tó ń jó kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ dára. Ẹ so okùn mọ́ ara ẹni tó ń wọlé, kí èèyàn méjì dúró lókè. Bí ó bá dákẹ́, okùn ni kí ẹ fà. Ẹ má wọlé tọ̀ ọ́, torí ẹni tó wọlé láti gbà á là ló sábà máa ń di òkú kejì. Ní ti jíjìnnà sí ṣalángá, mítà 30 ló dára. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì gùn ní 100, kò rọrùn rárá. Ó kéré tán, kí kànga wà lápá òkè, kí ṣalángá wà lápá ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí ti aládùúgbò wà kí ẹ tó gbẹ́ tiyín.

Táǹkì ńkọ́? Ẹ tú omi inú rẹ̀ dànù, ẹ ha ẹrẹ̀ tí ọyẹ́ kó sí ìdí rẹ̀, ẹ fi kànìnkànìn àti omi fọ ara rẹ̀, ẹ má lo ọṣẹ. Ẹ pọn omi kún un. Fún táǹkì lítà 1,000, bílíìṣì tí kò ní òórùn lọ́fínńdà, tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, lítà kan àbọ̀ ló tó. Ẹ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ inú ilé títí òórùn bílíìṣì á fi jáde níbẹ̀, ẹ tì wọ́n, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 12, ẹ tú u dànù, kí ẹ ṣan án. Ẹ má pa bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí èéfín tó ń jáde láti inú àwọn méjèèjì ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Fún omi mímu, tó bá mọ́ kedere, ẹ̀kán mẹ́ta bílíìṣì kan náà sí lítà kan, tàbí mílílítà mẹ́ta sí bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún. Tí omi bá dàrú, ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ sẹ́ ẹ kọ́kọ́. Bílíìṣì tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí oòrùn ń pa, agbára rẹ̀ ti lọ, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Omi òjò tí àwa ara Òṣogbo fẹ́ràn láti gbè, ẹ fi ti òjò àkọ́kọ́ sílẹ̀, kódà ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Oṣù mẹ́ta ni eruku, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ìgbẹ́ alángbá ti ń kó jọ sórí páànù yẹn. Lẹ́yìn náà, nígbàkígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ jẹ́ kó fọ òrùlé fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó gbé dúróòmù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Dúróòmù ló mú wa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn. Ẹ tẹjú mọ́ omi tó ti dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Tanwíjí tó dorí kodò, tí ìrù rẹ̀ kan ojú omi tí ara rẹ̀ sì ń fì wálẹ̀, kì í ṣe ẹ̀fọn tó ń fún wa ní ibà ló máa dà. Èyí tó nà gbalaja lábẹ́ ojú omi bí ẹyọ ìgbálẹ̀ tó léfòó, ti ibà nìyẹn. Nínú kòtò tí oòrùn ń tàn sí àti ojú ẹsẹ̀ màlúù lẹ sábà máa ń bá a. Ẹ má torí ìyẹn fojú di èyí àkọ́kọ́. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú wà lára wọn, ọgbọ́n rẹ̀ sì burú: ara agolo, táyà àti dúróòmù ló ń lẹ ẹyin mọ́, ẹyin náà lè gbẹ kó sì wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òjò àkọ́kọ́ á kan án, ó pa nìyẹn. Nítorí náà, dída omi dúróòmù nù kò tó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara rẹ̀ nínú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí ẹyin máa ń di ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ kó agolo àti táyà sí abẹ́ ilé tàbí kí ẹ lu ihò sí ìdí wọn, kí òjò tó bá wọn níta.

Àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun, ẹ kọ́ ọ sí ibòòji fún wákàtí 24 kí ẹ tó ta á sórí ibùsùn, kó má baà máa yún ọmọ lára. Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún lọ, torí oògùn ara rẹ̀ kì í ju ogún ìfọ̀ lọ. Ẹ má sá a sóòrùn. Ìlú aró la wà, kò yẹ kí wọ́n máa kọ́ wa bí oòrùn ṣe ń ṣe ohun tí wọ́n fi sára aṣọ.

Ara èèyàn náà ń kọjá láti ìgbà kan sí òmíràn. Ìparí ọyẹ́ ló le jù, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ìdájí tutù, ọ̀sán lé ní 33°C, eruku sì wà láàrin méjèèjì. Ẹ bu omi wọ́n ilẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu inú ilé dípò ìgbálẹ̀. Àsìkò tí ara ṣì tutù lẹ́yìn ìwẹ̀ ni òrí wúlò jù. Ẹni tó bá fi pa ara tó ti gbẹ, òkè ara nìkan ló ń dán. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oògùn fífà rẹ̀ tán ní àsìkò yìí. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, omi mímu léraléra àti aṣọ tó móoru láàárọ̀ ni, torí òùngbẹ àti òtútù ló sábà máa ń fa ìrora egungun rẹ̀. Ẹ má gbé iná eléèédú sínú yàrá tí wọ́n tì pa, bó ti wù kí òtútù mú tó. Ẹ má fi róòbù sí imú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Àpólò tó bá mú ojú, omi tó mọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe ìtọ̀, kì í ṣe omi ṣúgà.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni éèyi máa ń jà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù 15. Ẹ yẹ káàdì wò, torí ti oṣù 15 ni àwọn ìyá sábà máa ń gbàgbé. Ibà tó bá dé pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí líle àti ọrùn tó gan, tí ọmọ kò lè tẹrí ba kí àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà, yírùnyírùn lè wà nídìí rẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an ni.

Eku ńkọ́? Igbó ti jó, oúnjẹ oko ti tán, inú ilé ló kù. Ibà Lassa máa ń pọ̀ láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lórí oúnjẹ ló sì ń gbà wọlé. Gàrí inú àpò tí ẹnu rẹ̀ ṣí kò dára, ike onídèérí ló yẹ ẹ́. Ẹ má fọwọ́ lásán gbé òkú eku, ẹ má gbá ìgbẹ́ rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ bu omi oníbílíìṣì sí i, kí ẹ fi aṣọ kó o.

Ẹni tó ń ṣe èlùbọ́, orúnlá tàbí ata gbígbẹ, oòrùn oṣù kejì ni oòrùn rẹ̀. Gbódó tó gbẹ dáadáa máa ń ṣẹ́ pẹ̀lú ariwo. Tó bá tẹ̀ kó tó ṣẹ́, ó máa bu nígbà òjò. Tòmátò Òkè Ọya máa ń pọ̀ lọ́jà Ìgbọ̀nà títí di oṣù kẹta, lẹ́yìn náà iye rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ̀wà: ẹ sá a sóòrùn, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì títí dé ẹnu kó má sí àyè afẹ́fẹ́, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Kò sí ìdí kankan láti da oògùn apakòkòrò olómi sí ẹ̀wà, odindi ìdílé ló ti pa. Iṣu tó ti ń yọ ọwọ́, ẹ máa ṣẹ́ ẹ kúrò lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kó má baà gba adùn rẹ̀ lọ.

Òṣogbo ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ẹ̀ka igi má já lu wáyà àdúgbò. Tí àrá bá ti ń sán, ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì kúrò lára iná. Kí ẹ má kàn pa á nìkan. Irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún iná ilé kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí náà ẹ máa da omi sí ìdí rẹ̀ títí òjò á fi dé. Àti pé títí ọjọ́ yẹn, koríko gbígbẹ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé tó mítà mẹ́ta.

Àgbàdo ẹ̀yìnkùlé: òjò kan kò tó fi gbìn ín. Ẹ fi àdá gbẹ́ ilẹ̀. Tí ìrinrin kò bá tíì wọlé tó àtẹ́lẹwọ́ sí ìgbọ̀nwọ́, ẹ dúró de èyí tó tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á hù, oòrùn á sì gbé e. Tó bá tó, sẹ̀ǹtímítà 75 láàrin ebè sí ebè, 25 láàrin hóró sí hóró, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó nu ilẹ̀, mo máa ń mú pẹ́ńsù dání yí inú ilé ká. Gbogbo ibi tó bá rin lára síìlì, mo máa ń fa ìlà yí etí rẹ̀ ká, màá kọ ọjọ́ sí i. Tí òjò kejì bá rọ̀, tí ìrinrin kò kọjá ìlà náà, àtúnṣe kékeré ti tó níbẹ̀. Tó bá kọjá ìlà, mo tún gbé àkàbà nìyẹn, mo mú ẹyọ ìgbálẹ̀ dání, mo wọ inú àjà lọ.